Òdo Tí Mo Kọ Lóṣù Keje

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá lóru ni fóònù mi ké.
Winnipeg ti funfun láti ẹnu fèrèsé títí dé ibi tí ojú mọ.
Réjean ni, awakọ̀ akóyìnyín láti Saint-Boniface.
Ó ní, "Dérà" (orúkọ mi gùn jù fún òtútù),
"òrùka kan ló ń yí lójú ẹ̀rọ yìí,
ó ń yí, ó ń yí, kò sọ títì tí n ó gbà fún mi."
Ọkọ̀ mẹ́tàlélógún tò sí àgbàlá, iná wọn ń ṣẹ́jú,
ẹ́ńjìnnì ń mu epo, yìnyín ń gun orí yìnyín.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí ibùsùn, aṣọ òtútù lọ́rùn.
Sáfà kò kú. Bó bá kú ni, ìbá dẹrùn,
òkú kì í tan ni jẹ: a ó sin ín, a ó gbé òmíràn dìde.
Ó wà láàyè, ó kàn dákẹ́ ni,
bí onílé tó gbọ́ "Àgò o!" tí kò dáhùn "Àgò yà",
tí iná ń tàn ní yàrá rẹ̀, tí a ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ogún ìsopọ̀ péré la ní sọ́dọ̀ dátà,
bí ogún kọ́kọ́rọ́ lára ìkọ́;
ẹni tó bá lò ó tán, kó dá a padà, kí ẹlòmíràn mú.
Ogún ọkọ̀ ti mú ogún kọ́kọ́rọ́,
wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé, wọn ò sì kúrò.
Ìkọ́ ṣófo.
Réjean ni ẹni kọkànlélógún.

Mo tọ àkọsílẹ̀ lọ sẹ́yìn, ìlà lórí ìlà,
mo ń wá ọwọ́ tó ṣe é.
Ọwọ́ mi ni.
Oṣù keje, nígbà tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó kù díẹ̀,
mo jókòó lẹ́bàá odò Assiniboine, mo ń jẹ ṣẹ́rì,
wọ́n ní kí n kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí kóòdù yóò fi dúró.
Mo kọ òdo.
Èmi rò pé òdo ni "má dúró rárá".
Nínú èdè irinṣẹ́ yẹn, òdo ni "dúró títí kánrin kése".
A kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í bi títì ní nǹkan;
ọkọ̀ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ.

Mo pa òdo rẹ́, mo kọ márùn-ún sí ipò rẹ̀.
Pe àgò, kí o fetí sílẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, yà sẹ́yìn.
Ka ẹyọ kan, kí o tún pè. Lẹ́yìn náà méjì. Lẹ́yìn náà mẹ́rin.
Ṣùgbọ́n kí wọ́n má baà jọ padà dé lẹ́ẹ̀kan náà
(ìlẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, èrò tó ya lù ú ló ń fọ́ ọ),
mo da iye kékeré tí kò dọ́gba mọ́ ti oníkálukú.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, kó jẹ́wọ́: "N kò rí ọ̀nà. Gba títì àná."
Ìlà kan ló kù:
yálà o wọlé, yálà o ṣubú, dá kọ́kọ́rọ́ padà.
N kò kọ ọ́ lóṣù keje. Ṣẹ́rì dùn.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, mo rán an lọ.
Mo ń wo òǹkà: ogún, ogún, ogún, mọ́kàndínlógún.
Mo pariwo lórí ibùsùn bí ẹni tó jẹ ayò.
Mẹ́rìnlá. Méje.
"Ó ti sọ títì," ni Réjean wí. Kò dúpẹ́. Ó tẹ epo.

Bohdan, ọ̀gá wa, yóò bèèrè ní aago mẹ́sàn-án pé ta ni.
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè é: Èmi, Fadérera. Òdo kan.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo gbọ́ abẹ irin tó ń họ títì wa.
Réjean ni, iná ọsàn ń yí lórí ọkọ̀ rẹ̀.
Ó gbá gbogbo àdúgbò, ó wọ́ yìnyín jọ,
ó ga tó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, níwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tèmi.
Mo kan fèrèsé. Mo ka márùn-ún.
Kò gbọ́.
Mo lọ wá ṣọ́bìrì.